Ìkọ́ Tí Ò Gba Páìpù

Àrìmíyàù ti Èkó dé pẹ̀lú iná orí ìtàgé. Mùkàrámà, àbúrò rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ iná ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, òun ló sì yẹ kó bi kó tó rà á. Kò bi í. Ó kàn sọ fún un pé òun ti ṣèlérí iná náà fún Kaoussarath, olórí ẹgbẹ́ òṣèré kan tó fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Anoumabo lọ́jọ́ Sátidé.

Mùkàrámà tú ọ̀kan nínú àwọn iná náà wò. Orí wáyà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń lò ó l'Ékòó. Ihò ara ògiri Abidjan, róbótó ni. Àrìmíyàù ní kí wọ́n bó wáyà, kí wọ́n kì í bọ ihò, kí wọ́n fi igi ìṣáná há a. Àbúrò rẹ̀ gé orí gbogbo wọn dànù, ó lọ ra fiche, ìyẹn orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, èyí onírọ́bà tí omi kò lè tètè wọ̀, nítorí òrùlé gbọ̀ngàn náà ń jò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ni gbogbo wàhálà yẹn. Mùkàrámà ní àwọn òṣèré ni yóò máa fara kan wáyà náà, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gun àkàbà dé ibi páìpù tó dábùú orí ìtàgé. Páìpù náà sanra ju ẹnu ìkọ́ tí wọ́n fi ń so iná rọ̀ lọ. Àrìmíyàù wò ó bí ẹni pé páìpù ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí wọ́n fi wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin dè é.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé àga sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ jókòó, kí n so ó.”

Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó. Mùkàrámà bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wòkè, ó sún àga sẹ́yìn. Ó tún wòkè, ó gbé àga náà jáde síta.

Ẹni tó ń ta ìkọ́ ńlá ní Treichville ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ síbi ìkómọ ní Siporex. Mùkàrámà sọ fún Kaoussarath pé òun ò ní so ohun tó lè já lé èèyàn lórí. Kaoussarath wo aago, ó ní kí iná wà nílẹ̀. Wọ́n tò ó síwájú ìtàgé, wọ́n fi àpò yanrìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Eré náà dá lórí ọkùnrin kan tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ opó àbúrò rẹ̀. Nasser ló ṣe ọkùnrin náà, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹyẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ síwájú iná, òjìji rẹ̀ gun ògiri dé àjà. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ilé náà, ọwọ́ dúdú ńlá kan bo opó náà. Nasser fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Orí Mùkàrámà wú níbi tó dúró sí.

Lẹ́yìn eré, àwọn èèyàn yí Àrìmíyàù ká, wọ́n bi í pé ta ló ro irú èrò báyìí. Ó la ẹnu, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Ìkọ́ ni kò gba páìpù,” ó ní.

Wọ́n rò pé òwe ni. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ mi orí.

Kaoussarath ní eré mìíràn ní Boribana. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, Àrìmíyàù ti lọ síbẹ̀, ó fi okùn wọn páìpù yíká. Ó gbé okùn náà wá fún Mùkàrámà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó jọ̀wọ́ sọ irú ìkọ́ tí òun yóò rà. Mùkàrámà ní kó jókòó ná, kí òun fọwọ́.