Èèwọ̀ Tí Akọ̀wé Rélùwéè Dá Sílẹ̀

Inú Cornelius Adédìran, akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ́ kó gbádùn. Bí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ wá bẹ ibùdó rélùwéè Òṣogbo wò, inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. A máa kùn, a máa lọ́ ọ, a sì máa lé e lọ sí ilé ìgbẹ́ kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ilẹ̀kùn á tì pa. Á jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú, nǹkan kan kò ní í jáde. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí kòkòrò, kò sí egbò, ìfun rẹ̀ ló kàn ń bínú. Cornelius kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí kì í mu ọtí, tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ló dé tí ìfun irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi máa bínú?

Ní ọdún 1964, olùkọ́ ará Íńdíà kan tó ń dúró de ọkọ̀ Ọ̀fà sọ fún un pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò fi ẹran kan ẹnu, inú kò sì yọ òun lẹ́nu rí. Ó ní ẹ̀wà ni kí Cornelius máa jẹ dípò ẹran. Cornelius wo ọkùnrin náà: ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti gbà á gbọ́ kí ọkọ̀ tó dé.

Láti ọjọ́ náà ló ti kọ ẹran, ó kọ ẹja, ó kọ ẹyin, ó kọ mílíìkì inú tíì. Edé pàápàá kò gbọdọ̀ yọjú sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà ló fi rọ́pò gbogbo wọn. Àkàrà láàárọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ lọ́sàn-án, mọ́ínmọ́ín lálẹ́. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, a fi gbẹ̀gìrì yẹ́ ara rẹ̀ sí. Inú rẹ̀ wáá wú bí àpò tí wọ́n ki òwú bọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé láìdúró de ooru. Cornelius ní májèlé ẹran tó ti kó jọ láti kékeré ló ń jáde, pé bó ṣe ń le sí i náà ni ìwòsàn ń súnmọ́. Ó fi kún ẹ̀wà.

Àpìkẹ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú. Ọmọ Ògúnṣẹ̀yẹ ni, àgbẹ̀ kòkó ní Ìbòkun. Àpìkẹ́ bi í bóyá ẹ̀wà yìí gan-an ló ń dà á láàmú. Ó ní bí kò bá fẹ́ ẹran, kó fi ẹ̀fọ́ àti ègúsí jẹ iyán, kó jẹ́ kí ẹ̀wà sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Cornelius dáhùn pé ẹni tó ti búra kì í wo ẹ̀yìn.

"Ta lẹ búra fún, Bọ̀ọ̀dá?" ni Àpìkẹ́ wí. "Àkàrà?"

Ohun tó ń ba Àpìkẹ́ lẹ́rù ju ikùn lọ ni ọjọ́ ìtọrọ. Ní ilé bàbá rẹ̀, àlejò gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n tó fún un lésì. Bí àlejò bá sì kọ ẹran tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ohun tó ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: pé àwọn onílé lè fi nǹkan sí i. Ọkùnrin kan ti wá láti Iléṣà rí, ó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Àpìkẹ́, ó ní òun ti yó. Ògúnṣẹ̀yẹ dìde, ó kí i pé ó dàbọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

"Bàbá mi kì í pariwo," ni Àpìkẹ́ wí. "Wọn á kàn ní kí ẹ máa lọ ni. Bí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní í sá tẹ̀ lé yín o."

Nígbà tí ọjọ́ ku ọ̀la, Cornelius kò jẹ nǹkan kan, kí ìfun rẹ̀ má baà dójú tì í; omi nìkan ló ń mu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ẹ̀kọ tútù díẹ̀ panu, òun àti ẹbí rẹ̀ láti Ìdó-Ọ̀ṣun sì wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ìbòkun. Olórí wọn ni Ọlọ́rundáre, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ọdẹ tó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú igbó, ṣùgbọ́n tí eyín rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò nínú ẹran. Cornelius kò sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ fún un. Lójú tirẹ̀, ohun tó wà láàárín ọkùnrin àti ikùn rẹ̀ kò kan ẹbí.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àwọn onílé, àwọn onílé ní kí wọ́n dìde. Iyán dé, funfun bí òwú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ègúsí àti ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Cornelius ń bu iyán, ó sì ń fi ìka ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ díẹ̀díẹ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ wo abọ́, ó wo ojú ẹni tó ni abọ́, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ewúrẹ́ Ìbòkun kò dùn tó ti Òṣogbo.

Cornelius ti múra láti ṣàlàyé dókítà àti ará Íńdíà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń ro ẹjọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ níwájú àna? Ó wá ọ̀rọ̀ tó níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èèwọ̀ ìdílé wa ni. A kì í jẹ ẹran."

Ta ní í bá èèwọ̀ jiyàn? Ojú Ògúnṣẹ̀yẹ rọ̀. Ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé gbogbo ilé yíjú lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹni tó jókòó ti ọkọ ìyàwó. Ọlọ́rundáre fi ọwọ́ méjèèjì di egungun itan mú, ó ń fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, ọ̀rá sì ń ṣàn lọ sí ìgúnpá rẹ̀.

Bàbá náà kò ju egungun sílẹ̀. Ó fà á tán. Ó wo Cornelius bí ọdẹ ṣe ń wo ajá tó gbó kí ẹran tó jáde, ó wá nu ẹnu rẹ̀.

"Òótọ́ lọmọ mi sọ," ni ó wí. "Kò kàn sọ ọ́ tán ni. Àpọ́n lèèwọ̀ náà mú nílé wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún ọkùnrin níyàwó la ń tú u, àna rẹ̀ ló sì ń fi ẹran sí i lẹ́nu. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n ti fún èmi." Ó tún mú ẹran mìíràn, kí ọ̀rọ̀ náà lè fìdí múlẹ̀.

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Ògúnṣẹ̀yẹ. Òmùgọ̀ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ irọ́ tó ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ àwọn lọ̀rọ̀ wà, àwọn sì ti fún un. Ó mú èyí tó tóbi jù nínú abọ́.

"Ọmọ mi, yanu."

Cornelius wá Àpìkẹ́ kiri pẹ̀lú ojú. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Bí Cornelius bá pa ẹnu dé, kò sí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì di òpùrọ́. Ó la ẹnu. Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹran náà dùn.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, etí ẹ̀yìn ló jókòó sí, kó lè tètè bẹ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ kò kùn. Lọ́jọ́ kejì, kò kùn. Àpìkẹ́ rán an létí pé kò tíì fẹnu kan ẹ̀wà láti ìjẹta. Cornelius ní rárá, ìkóra-ẹni-níjàánu ọ̀pọ̀ oṣù ló ti fún ikùn òun lágbára láti fara da ẹran náà. Ó padà sórí àkàrà, àwọn ará ọ́fíìsì sì padà sí fèrèsé ṣíṣí.

Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, Àpìkẹ́ kò bá a jiyàn mọ́. Kò sì fi ẹran há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀fọ́, ilá, ègúsí, irú, iyán: ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ló ń sè fún un. Bó bá béèrè ẹ̀wà, Àpìkẹ́ á ní kòkòrò ti jẹ tọjà. Odidi ọdún kan ni kòkòrò fi jẹ ẹ̀wà Òṣogbo, ìfun Cornelius sì ṣíwọ́ ìbínú. Ó ń wàásù fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹran kò dára, pé ẹ̀wà ló wo òun sàn. Ní Ìbòkun nìkan ló ti ń jẹ ẹran, nítorí bó bá kọ̀ ọ́, wọn á ní ó dá ọmọ wọn padà nìyẹn. A máa dorí kodò jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń lo oògùn, a sì máa lá ìka.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ Bándélé, tó ń fẹ́ ọmọ ará Ìbòkun kan, bínú wọlé. Ó ní ìtàn ti dé ọ̀dọ̀ àna òun pé àpọ́n ilé wọn kì í jẹ ẹran, wọ́n sì ti ń ṣọ́ òun lẹ́nu. Ó kù bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó fún òun níyàwó, kí èèwọ̀ náà tó tú. Ta ló dá èèwọ̀ burúkú yìí? Kí ni kí òun máa jẹ?

Cornelius tún tàì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀wà," ni ó wí. "Ẹ̀wà ni kó o máa jẹ."

Àpìkẹ́ dìde, ó lọ ṣí fèrèsé.