Pẹ́ńsù Orí Káńtà

Èmi ni mo dá ọgbọ́n pẹ́ńsù yẹn. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa di ẹ̀bi rẹ̀ ru Ọ̀gá. Ọ̀gá kàn fọwọ́ sí i ni, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá yìí, àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀, ọkọ̀ wa sì jẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó ọlọ́pàá kù. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan, a fara mọ́ ọn. Wọ́n tún gé e, a ku mẹ́rin: Ọ̀gá, awakọ̀, obìnrin kan tó ń ṣọ́ àhámọ́ lóru, àti èmi Sájẹ́ńtì tí mo ń jókòó ti káńtà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ di ẹyọ kan, kò sì ní jí àfi tí a bá tì í. Epo tí wọ́n ń fún un ò lè gbé e jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀. Àwọn aráàlú sọ awakọ̀ wa ní Ẹ-Bá-Mi-Tì-Í, òun náà sì ń dáhùn.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, à bá gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà mìíràn tún dé láti olú iléeṣẹ́, pé àgọ́ tí ẹjọ́ tí wọn ò tíì lọ wò bá pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, wọ́n máa tì í pa, kí àwọn aráàlú máa gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ìlú kejì. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó gé ọ lẹ́sẹ̀ ló tún ń bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò sáré.

Ibẹ̀ ni mo ti lo ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo ní ẹjọ́ tí ọkọ̀ wa bá máa lọ wò, ká fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá orí káńtà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tíì sí níbẹ̀, ká fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kó ṣì dúró ná. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èyí tí olóhun rẹ̀ ò bá padà wá bèèrè, ká fi írésà pa á rẹ́. Ajá tó ń gbó jù, aládùúgbò tó da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà ẹnìkejì, gbogbo wọn bá írésà lọ. Ìwé wa mọ́ tónítóní, a sì ń yangàn.

Láàárín àkókò yìí ni wẹ́dà kan di ọ̀rẹ́ wa. Ilẹ̀kùn àhámọ́ ti já kúrò lára òpó rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta la fi kọ̀wé lórí ẹ̀, a ò rí èsì, okùn la fi ń so ó. Olè kan tiẹ̀ wà tó bá wa so ó dáadáa kó tó sùn, ó ní bí a ṣe so ó yẹn ò lè dá òun dúró. Wẹ́dà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó jó ilẹ̀kùn náà pọ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó tún bá wa tún irin ojú fèrèsé ṣe. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀rẹ́ Ọlọ́pàá, ó ń fún un ní àga nínú ọ́fíìsì. Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń lékè, àwa náà sì mọ̀ pé tiwa ló wà nísàlẹ̀.

Aránṣọ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ wa, kí ìjọba tó dá ìyẹn náà dúró, ni ìyàwó wẹ́dà yìí. Ó ti kó jáde nílé ọkọ láti oṣù mẹ́fà, ó ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti káńtà mi, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ọkọ òun fi iná gé àgádágodo òun nígbà tí òun jáde. Kò jí nǹkan kan. Ó kàn gbé sísọ́ọ̀sì ńlá tí ìyàwó fi ń gé aṣọ sórí ìrọ̀rí ìyàwó náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá ó fọwọ́ kàn án, ó ní rárá. Mo mú pẹ́ńsù. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn láti àárọ̀ dọ̀sán, ó ń dá àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ padà. Mo tún mú pẹ́ńsù.

Ọjọ́rú ni ìkẹta. Kò tiẹ̀ jókòó.

"Ó ní tó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní rán aṣọ kankan mọ́. Kò pariwo o, Sájẹ́ńtì. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù."

Bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù mi ń ṣe dirodiro. Kò lè rí irú ẹ̀ kó mójú kúrò, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì rẹ̀, ó fa ọwọ́ òsì mi sórí káńtà, ó ń gán an bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi eyín já òwú náà, ó wá wo ìwé.

"Ṣé báírò ti tán ní téṣàn ni?"

"Báírò wọ́n, àbúrò mi," mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ìjọba ń ṣọ́wó ná."

Kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá fẹ́ gé aṣọ, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń sàmì sí i. Tí mo bá rán an tán, mo máa gbọ̀n ọ́n nù, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Sájẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ̀n mí nù."

Mo ní mi ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀, ó sì ti ọkàn mi wá nígbà tí mo sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá jáde sí mi. "Wọ́n ń bọ̀ wá wo ìwé wa lọ́jọ́ Ajé láti olú iléeṣẹ́. Sájẹ́ńtì, mi ò fẹ́ rí pẹ́ńsù kankan níbẹ̀."

"Ti aránṣọ ńkọ́, ọ̀gá? Ìyẹn ń padà wá."

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn. Ta ló sì jó ilẹ̀kùn fún wa? Ẹ pa á rẹ́ jàre. Ẹ máa fi í sí orí yín."

Ọkàn mi kọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ò kọ̀ ọ́. Mo ń fẹ́ ẹ̀rún írésà kúrò lójú ìwé nígbà tí wẹ́dà wọlé, ó ní òun wá fi ọ́ìlì sí ìdè ilẹ̀kùn àhámọ́. Ó fara ti káńtà.

"Sájẹ́ńtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìyàwó mi ti wá fẹjọ́ mi sùn níbí ni? Ó ń lérí mọ́ mi pé orúkọ mi wà nínú ìwé yín."

Oríṣiríṣi èsì ló wà tí mo lè fọ̀. Mo lè ní kó máa lọ, pé kò kàn án. Àmọ́ mo ro ilẹ̀kùn, mo ro irin fèrèsé, mo yí ìwé náà sí i.

"Wò ó fúnra ẹ. Kò sí nǹkan kan."

Ó fi ìka tọ ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ fi ọ́ìlì sí ilẹ̀kùn. Èmi òmùgọ̀ rò pé mo ti parí ìjà. Ìwé yẹn nìkan ni ọgbà tó yí obìnrin yẹn ká, èmi ni mo sì ṣí i sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù orí káńtà dún.

"Sájẹ́ńtì, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti wo ìwé yín, pé mi ò sí níbẹ̀."

Mo gbọ́ tí nǹkan gbá ilẹ̀kùn, fóònù sì kú. Mo figbe ta. Ọ̀gá àti awakọ̀ sáré jáde lọ ti ọkọ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà: ó máa wúkọ́, ó máa dákẹ́. Òfin ni pé káńtà ò gbọ́dọ̀ ṣófo. Nígbà tí a ṣì jẹ́ mọ́kànlá, ǹ bá ti yan ẹnìkan kó sáré lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, èmi náà lè sá a ní márùn-ún. Mo dúró ti káńtà, mo gbé ọwọ́ lé ìwé, mo sì ń ka ìṣẹ́jú. Ìgbà tí ọkọ̀ yẹn fi jí, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń sunkún, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Wọ́n mú un wá, kò tilẹ̀ dé àhámọ́. Àga ọ́fíìsì ló jókòó lé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: òun àti ìyàwó òun ò jà rí, ká wo ìwé wa. Ó sùn sílé ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tó wá lọ́jọ́ Ajé ṣí ìwé wa, ó yìn wá. Lẹ́yìn tó lọ, Ọ̀gá pè mí.

"Tí ẹ bá la ẹnu yín, Sájẹ́ńtì, wọ́n máa ti téṣàn yìí pa. Tí ẹlòmíì bá tún pè, ta ló máa gbé fóònù?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò parọ́.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n aránṣọ wá, obìnrin tó ti ń darúgbó díẹ̀díẹ̀, olùkọ́ ni. Kò pariwo, kò sunkún.

"Àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ ẹ̀ ní kò fẹjọ́ òun sùn rí. Ìwé yẹn nìkan ló kù tó lè bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ṣí i fún mi."

Mo ṣí i. Ó gbé ìwé náà dání sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró lójú kan.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń maàkì ìwé àwọn ọmọdé. Mo mọ ibi tí írésà ti ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó, ibi tí orúkọ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ta ló pa á rẹ́?"

Ọ̀gá wúkọ́ nínú ọ́fíìsì, mo sì mọ ìtumọ̀ ikọ́ yẹn. Mo wo ọwọ́ ẹ̀wù mi. Òwú àwọn bọ́tìnnì tó kù ti ń tú, tirẹ̀ ló dúró gbọn-in.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo pa á rẹ́. Mo sì tún ṣí ìwé han ọkọ ẹ̀, mà."

Mo fa dúrọ́ọ̀ káńtà, mo mú báírò kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ àgádágodo àti sísọ́ọ̀sì orí ìrọ̀rí, mo kọ ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú bó ṣe sọ ọ́. Mo kọ ti ọjọ́ Ẹtì náà, tèmi. Ọ̀gá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. "Sájẹ́ńtì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe báyìí?" Mi ò gbójú sókè. Mo fọwọ́ sí i, mo yí ìwé náà sí obìnrin náà bí mo ṣe yí i sí ọkọ àbúrò rẹ̀.

Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá ń wo inú dúrọ́ọ̀ tí mi ò tíì tì. Odidi páálí báírò ló wà níbẹ̀, èyí tí mo mú yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀.

"Báírò wà níbí láti ọjọ́ yìí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo dáhùn. "Ó wà níbí."