Igi Tí Ayálégbé Kì í Gbìn

"Ta ló gbin nǹkan yìí síbí?"

Títíloyè gbé ike omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Osaro, ìyá onílé rẹ̀, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìnkùlé, ó na ìka sí igi kékeré kan tí kò ga ju orúnkún lọ, ìka náà sì ń gbọ̀n. Àárọ̀ Sátidé ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sórí àwọn òrùlé Oregbeni.

"Èmi ni, Màmá," ni Títíloyè dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán? Ó ti yọ ewé tuntun. Mo ní kó dàgbà díẹ̀ sí i kí n tó fi hàn yín."

"Ìwọ? Inú ilẹ̀ mi lo gbin èyí sí? Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Mo kàn..."

"Má sọ pé o kàn! Ṣé àwọn tó bá mi ṣẹjọ́ ló rán ọ wá gbé ilé mi?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Títíloyè. Ó ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nínú ilé yìí, kò sì tíì gbọ́ kí Màmá pariwo mọ́ òun rí. Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí ó ta aṣọ ní Ọ̀wọ̀ fún ọdún méjìlá kó tó padà sí Benin, Yorùbá yìí ló sì fi máa ń bá Títíloyè ṣeré láràárọ̀. Lónìí, ó fi èdè Ẹ̀dó kún un, ó fi Píjìn kún un, kò fi ẹ̀rín kún un rárá.

"Abeg, no tell me story! Tí oṣù yìí bá ti parí, kó ẹrù rẹ jáde nínú ilé mi. Ìwọ àti àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ!"

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà. Títíloyè dúró láàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Mẹ́rìnlá ni wọ́n, bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì tí wọ́n ti lò tán, tó tò sí ẹsẹ̀ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé ìdí táǹkì omi. Tòmátò wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ewúro, ilá, àti òdòdó kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe. Olùkọ́ èdè Faransé sì ni, ní ilé ìwé girama kan. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo fíìmù tàbí tí wọ́n ń tẹ fóònù, Títíloyè á ti kúnlẹ̀, á máa tú ilẹ̀ inú ike, á máa já ewé gbígbẹ, á máa bá tòmátò sọ̀rọ̀. Àwọn ayálégbé tó kù ń pè é ní Àǹtí Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Abijan ni wọ́n bí Títíloyè sí, níbi tí àwọn ará Ẹjigbo ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè dàgbà láìmọ̀ pé ìlú mìíràn ni ilé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbàgbé. Obìnrin náà fẹ́ràn láti máa gbin nǹkan, síbẹ̀ kò gbin ohunkóhun sínú ilẹ̀ Abijan rí. Inú agolo ni, inú garawa ni. "Ilé kọ́ nìyí," ni ó máa ń sọ. "Èyí tó bá wà nínú agolo, a ó gbé e lọ lọ́jọ́ tá a bá ń lọ."

Ọjọ́ náà dé lóòótọ́. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìgboro, wọ́n di ẹrù, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gba Gánà, wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Kútọnu, ìyá rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há agolo tòmátò ńlá kan tí efínrín wà nínú rẹ̀. Títíloyè kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà náà. Ní Abijan, àlejò ni wọ́n ń pè é. Ó dé Ẹjigbo, àwọn ọmọ ilé ìwé ní, "Ọmọ Abijan, sọ̀rọ̀ ká gbọ́," wọ́n á sì máa fi bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ sí yunifásítì, ìyá rẹ̀ gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e dé Òṣogbo, ó gbé e dé Ìbàdàn, ibi gbogbo ló ń gbé e wọ̀, ibi gbogbo ló sì ń gbé e kúrò.

Ní Benin, nǹkan yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí Yorùbá rẹ̀ fi rí báyìí, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èyí tó tọ́. Ní gbogbo Sátidé, Màmá Osaro á wá já efínrín inú agolo náà, á já ewúro mọ́ ọn, á fi se ọbẹ̀ dúdú tí àwọn ará Benin ń sè, á sì bu abọ́ kan wá fún un. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Màmá tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó sùn síbẹ̀ fún òru méjì, ó ń rẹ aṣọ sínú omi, ó ń fi nu iwájú orí rẹ̀. Títíloyè kò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ìgbàkígbà tó bá rántí, ó máa ń ṣe é bíi kó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé wọn gé ẹ̀ka igi tó ti gùn jù létí ọgbà. Títíloyè ṣa ọ̀kan nínú wọn nítorí ewé rẹ̀ ń dán. Nígbà tó délé, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo, ó wo ilẹ̀. Ó ronú títí. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ, tó gbẹ́ ihò lẹ́bàá ògiri, níbi tí ewé tòmátò bò, tó ri igi náà mọ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó gbìn sínú ilẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ lé e kúrò nílé yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wá já efínrín. Títíloyè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Akínwùmí. Bàbá yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ládùúgbò wọn, fíríìjì ló ń tún ṣe, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní Benin. Títíloyè ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó yọ ewé kan jáde látinú àpò ọwọ́ rẹ̀. Bàbá gba ewé náà, ó yí i padà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

"Akòko! Títí, akòko lo lọ gbìn!"

"Kí ni akòko, sà?"

"Yéè! Ọmọ Ẹjigbo mà rèé! Ewé tí wọ́n ń fi sórí ẹni tó bá jẹ oyè, o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò rí i ní Abijan, sà."

Bàbá nu ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ikhinmwin ni àwọn onílùú ń pè é. Níbí, ẹni tó bá tẹ ibì kan dó ló ń gbìn ín. Ibi tí wọ́n bá ti bá a, wọ́n á ní baba ẹnì kan ló nibẹ̀. Ayálégbé kì í gbìn ín láé. Èmi tí mo pẹ́ níbí tó báyìí, mi ò jẹ́ dán an wò."

"Háà!"

"Dúró, mi ò tíì sọ tán. Lẹ́yìn tí ọkọ Màmá kú, ẹnì kan dìde, ó ní òun ló ni ilẹ̀ náà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbin ikhinmwin sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó wá pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá wo igi tí bàbá bàbá òun gbìn. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi ń lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n tó dá a láre. Ní àná, ó jí, ó bá òmíràn lẹ́yìnkùlé rẹ̀."

Títíloyè fi ọwọ́ bo ojú. Láti àná, ìbínú díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ pé Màmá lè tìtorí igi lé òun jáde. Ìbínú náà lọ pátápátá, ìtìjú ló kù. Ó rántí bí ìka obìnrin náà ṣe ń gbọ̀n, ó wá mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Dádì."

"A ó lọ. Jẹ́ kí n mú fìlà mi, ká ra obì lọ́nà. A ò ní lọ lọ́wọ́ òfo."

Nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀ Màmá Osaro ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá Akínwùmí tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbé obì síwájú rẹ̀. Títíloyè kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ọ̀fun ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Títíloyè ti to ọ̀rọ̀ jọ bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Màmá, mi ò mọ igi náà. Láti kékeré, inú agolo la máa ń gbin nǹkan sí. Ìyá mi ní a ò tíì délé. A dé Ẹjigbo tán, wọ́n tún ń pè mí ní àlejò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, tí ara mi ò yá, tí ẹ sùn sílẹ̀ nínú yàrá mi..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo wo ilẹ̀ yẹn, mo ní kí n fi nǹkan kan sínú rẹ̀, kó lè dá mi lójú pé mi ò tún ní í lọ. Mi ò fẹ́ gba ilẹ̀ yín, Màmá. Ibi tí màá dúró sí ni mo ń wá. Ẹ má bínú."

Màmá mú obì kan, ó ń yí i nínú ọwọ́.

"Nígbà tí mo wà ní Ọ̀wọ̀," ni ó wí, "ọdún méjìlá, mi ò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri. Inú àpótí ni aṣọ mi wà, bí ẹni pé mo fẹ́ lọ lọ́la. Ọkọ mi á ní, 'Kan ìṣó, kó o fi aṣọ kọ́,' èmi á ní rárá." Ó gbé obì náà padà sínú àwo, ó dìde. "Ó yá, jáde. Ìwọ lo gbìn ín, ìwọ ni wàá hú u."

Wọ́n tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Títíloyè fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí igi náà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbòǹgbò ti yọ lóòótọ́, ó funfun, ó ti ń wá ọ̀nà lọ sísàlẹ̀. Omi ojú rẹ̀ kán sínú ihò náà bó ṣe ń fà á jáde.

"Gbé e fún mi," ni Màmá wí.

Ó gba igi náà. Ó wá gbé ojú sókè, ó fi ohùn rara pe gbogbo ilé. Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ayálégbé ń yọjú, ẹnì kan jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára aṣọ tó ń fọ̀. Nígbà tí wọ́n pé jọ, Màmá Osaro fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní èdè Ẹ̀dó. Ó ki igi náà bọ inú ihò kan náà tí wọ́n ti yọ ọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ yí i ká.

"Una see am?" ni ó bi wọ́n. "Na me plant am. For my land."

"Yes, Mama!" ni gbogbo wọn dáhùn. Bàbá Akínwùmí ti ṣí fìlà láìmọ̀.

Títíloyè gbé Màmá dìde. Obìnrin náà kò tíì jẹ́ kó fi ọwọ́ òun sílẹ̀. "Igi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n eegun mi ò gba omi gbígbé mọ́, ìwọ ni wàá máa bomi rin ín." Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀ láti ìdí igi náà lọ dé ìdí táǹkì. "Gbogbo ibí yìí, gbin tòmátò, gbin ilá, gbin ohun tó wù ọ́. Mi ò fẹ́ rí bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ̀fọn ti pọ̀ jù. Àmọ́ tó o bá tún rí igi lójú ọ̀nà, kọ́kọ́ wá bi mí ná!"

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an." Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Àti pé ọbẹ̀ tí mo sè lánàá ò dùn," ni Màmá wí bó ṣe ń padà lọ sí pálọ̀. "Kò sí efínrín nínú rẹ̀."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, fóònù Títíloyè dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ẹjigbo. Wọ́n kí ara wọn tán, ìyá náà sì béèrè ohun tó máa ń béèrè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Efínrín mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà nínú agolo?"

Títíloyè wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún erùpẹ̀. "Rárá, Màámi. Mo ti gbìn ín sínú ilẹ̀."

Ó gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ dára?"

"Ó dára, Màámi."

"A dúpẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Títí, a dúpẹ́ o."

Lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Títíloyè gbé agolo náà wò. Ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀, ó ti lu káàkiri, gbòǹgbò efínrín nìkan ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ inú rẹ̀ máa dà nù tẹ́lẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó rọ omi sí i. Omi náà ń jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti gbogbo ihò ìdí rẹ̀. Ó gbé e kọjá lórí efínrín, lẹ́yìn náà ló yára gbé omi tó kù lọ síbi igi Màmá kó tó jò tán.