Ẹnu Aránṣọ

Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò yé mi títí mo fi dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ, tí mo lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún pé mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ránṣọ. Ẹ wo aránṣọ kí ẹ rí i: bó bá ń wọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di aṣọ mú, ẹnu ló ń kó píìnì sí. Mo lè fi ètè há píìnì mẹ́wàá kí n sì máa bá aládùúgbò jà, ẹyọ kan kò ní jábọ́. Ẹ̀bùn ni ní ṣọ́ọ̀bù. Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ìyá mi, tí mo fi oṣù mẹ́fà tọ́jú lórí ibùsùn àìsàn kó tó kú, ló fà á. Ó ní ọwọ́ mi rọ̀ ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Kò bá mi sọ ti ẹnu.

Ìdánwò ọgbẹ́ dídì ló fẹ́ lé mi kúrò. Wọ́n ní ká fọ ọgbẹ́, ká wé báńdéèjì, ká fi píìnì kan ṣoṣo dè é. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ló ń lọ. Nígbà kìíní, mo wé báńdéèjì náà bí ọrùn ẹ̀wù ìyàwó, ó dùn ún wò, ni Mátírọ̀nù tó ń dán wa wò bá ní, "Màmá Kíláàsì, kí ló wà lẹ́nu ẹ?" Píìnì ni. Òdo. Nígbà kejì, mo fọgbọ́n wọ ìbòmú. Ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe: ó gbé píìnì náà lọ tààrà, ó gún ìbòmú, ó gún ètè. Òdo, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ní àárọ̀ ìgbà kẹta, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, ṣé kí n bá ẹ de ẹnu náà ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìdí ẹ̀."

"Bàbá wọn, ẹ má bí mi nínú láàárọ̀ yìí. Kò sí ìkẹrin."

"Bí wọ́n bá lé ẹ wálé, kí lo máa ṣe? Ṣọ́ọ̀bù ti di tẹlòmíì."

Òótọ́ ni, òun ló sì dùn mí. Mo jáde, mo ń ki ẹnu mi lójú ọ̀nà bí ẹni ń ki ọ̀daràn:

"Ẹnu mi, àpò tí kò ní bọ́tìnnì,
A-kó-irin-jẹ-má-yó,
Ọ̀rẹ́ píìnì, ọ̀tá Mátírọ̀nù,
Wọ́n ní o pa dé, o ní ò ń gbàlejò."

Mo wá gbàdúrà: Ọlọ́run tó ń pa ẹnu kìnnìún dé, jọ̀ọ́, bá mi pa tèmi dé fún ìdajì wákàtí péré.

Bàbá káfíńtà kan tí ayùn ya lápá ni wọ́n gbé síwájú mi.

"Ìwọ ni wọ́n ní kó wá kọ́ṣẹ́ lára mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má mira."

Mo fọ ọgbẹ́, mo bò ó, mo wé e. Mo mú píìnì sọ́wọ́ ọ̀tún. Ni etí báńdéèjì bá fẹ́ yọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ọwọ́ méjì. Kíá, ọwọ́ ọ̀tún gbéra, ó ń lọ bí ewúrẹ́ tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Mátírọ̀nù gbé bírò sókè.

"Rárá!" Mo jágbe mọ́ ọwọ́ mi.

Ọwọ́ dúró lábẹ́ àgbọ̀n. Mo ju píìnì sínú àwo. Báńdéèjì tú pátá, ó wọ́ sílẹ̀.

Bàbá ti ta gìrì. "Ta lò ń bá wí?"

"Ọwọ́ mi ni, bàbá. Aránṣọ ni mí tẹ́lẹ̀, ẹnu ló ti mọ́ ọn lára láti máa kó píìnì sí."

"Ṣé ìyẹn náà ni! Èmi náà, ẹnu ni mò ń kó ìṣó sí láti ọgbọ̀n ọdún. Mo tiẹ̀ gbé ọ̀kan mì rí. Mi ò tíì rí i títí dòní."

Mátírọ̀nù ní, "Bàbá, pátákó kì í ṣàìsàn."

"Ta ló sọ fún yín? Ikán ńkọ́?"

"Ẹ dákẹ́! Màmá Kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù."

Mo mú báńdéèjì tuntun, mo tún un wé. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fọwọ́ kan píìnì títí mo fi fi àtàǹpàkò òsì tẹ etí báńdéèjì mọ́lẹ̀ gbọin-in. Ìgbà náà ni mo tó rán ọwọ́ ọ̀tún lọ sínú àwo, tí mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Píìnì wọlé, ó sì dé.

Mátírọ̀nù yí apá bàbá síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Èyí ò rẹwà tó ti ìgbà kìíní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O pariwo mọ́ aláìsàn."

"Ọwọ́ mi ni mo—"

"O fi odidi báńdéèjì kan ṣòfò." Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ayé sú. "O yege. Wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé, aago méje. Má pẹ́."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ṣé kí n máa lọ ni," bàbá bi mí, "àbí mo wà nínú àdúrà náà?"

"Ẹ máa lọ, bàbá. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé, ká pààrọ̀ báńdéèjì."

"Ta ni kí n béèrè?"

"Ẹ ní nọ́ọ̀sì tó ń bá ọwọ́ ara ẹ̀ jà. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí."