Ohun tí Nàfísátù Sọ Nínú Sẹminá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì jókòó tán tí Dókítà Adégòkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Ọ̀rọ̀ ààbò ilẹ̀ wa ni sẹminá náà dá lé, àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì aládàáni kan ní Ìwó ló sì wà fún. Dókítà ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó di olùkọ́. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo.

"Ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi, kó dúró síta. Ẹ pa fóònù yín. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta kò ní ṣe ìdánwò, kódà bó jẹ́ bàbá rẹ̀ ló ni ilé-ìwé. Ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, òdo ni. Ẹ ò sì gbọdọ̀ bú ẹ̀yà ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ níwájú mi."

Ó tẹ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wọ́n lójú.

"Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń ba ààbò jẹ́ ní ìlú tirẹ̀, kì í ṣe ohun tó kà nínú ìwé ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi òfin kan yìí kẹ́yìn: ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí náà ló máa kú sí."

Inú Nàfísátù dùn sí òfin yẹn. Ọmọ Kuta ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń dá oko díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Badrudeen, tí gbogbo ilé ń pè ní Badiru, ló ń fi ọ̀kadà gbọ́ bùkátà ilé. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé e dé yunifásítì. Kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọmọ olówó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jiyàn lórí ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń rí àjèjì nínú igbó tí wọn kì í sọ. Tolúlọpẹ́, ọmọ sójà, ní, "Wọ́n mọ gbogbo wọn dáadáa. Owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà ta Nàfísátù lára. Kó tó rò ó dáadáa, ó ti dìde.

"Kì í ṣe owó. Ẹ̀rù ni! Ẹ̀gbọ́n tèmi ń fi ọ̀kadà gbé búrẹ́dì àti omi lọ fún àwọn kan lẹ́yìn oko kòkó wa. Kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n dá a dúró lọ́nà, wọ́n dárúkọ ìyá wa fún un, wọ́n dárúkọ èmi náà, wọ́n ní àwọn mọ ibi tí mo ti ń kàwé. Ìwọ Tolúlọpẹ́, tó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe?"

Dókítà Adégòkè wò ó títí. "O ṣeun, Nàfísátù," ló sọ, ó sì pe ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n jí Tíṣà Àgbékẹ́ gbé. Ilé-Ogbó ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Kuta, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti já a gbà lórí ọ̀kadà nígbà tó ń padà sílé. Inú kẹ̀kẹ́ ni Nàfísátù wà lọ́nà ọjà Odò-Orí nígbà tó gbọ́. Ó pe Badiru títí kó tó gbé fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbọ́ nípa tíṣà yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé àwọn èèyàn yẹn kọ́?"

"Fojú sí ìwé rẹ," ni Badiru wí. Ó pa fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ pè é pẹ̀lú ẹkún. Ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ ti wọ igbó, wọ́n ti gba Tíṣà Àgbékẹ́ láàyè, àwọn ajínigbé sì sá lọ. Láti inú igbó ni ọlọ́pàá ti kọjá wá sílé wọn. Badiru ń rọ bẹntiróò sínú ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un.

"Wọ́n mọ gbogbo ẹ̀, Nàfí! Wọ́n mọ ọ̀nà tó ń gbà. Wọ́n ń bi í pé, 'Ìwọ lo ń gbé búrẹ́dì, àbí?' Ta ló sọ fún wọn?"

Ọ́fíìsì Dókítà Adégòkè ni Nàfísátù gbà lọ, kò rántí kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ni, sà?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ sọ pé inú yàrá yẹn ló máa kú sí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n fi kún un pé àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Mi ò fi kún un, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú igbó, Nàfísátù, mo sì mọ ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ká ní o wà nípò mi, ṣé wàá sùn?"

"Ẹ ò bá ti pè mí, sà. Ẹ ò bá ti bi mí."



Nàfísátù gbàgbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀. Ó lọ sí Ilé-Ogbó, ó kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà Àgbékẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn sọ fún ọlọ́pàá pé Badiru kò mọ̀ pé èèyàn wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Obìnrin náà ti rù, ojú okùn ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Dìde, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ìkà. Òun ló ń já omi ọ̀rá sí mi lẹ́nu, torí wọ́n dè mí lọ́wọ́. Mo sọ orúkọ ọkọ mi sí i létí. Mo ní kó ṣáà lọ sọ fún un pé mo ṣì wà láàyè. Ó mi orí pé òun á lọ. Mo wá ń retí." Ó fọwọ́ pa ojú okùn náà. "Ó tún gbé omi wá lọ́jọ́ kejì, kò wo ojú mi. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò rí mi."

Nàfísátù kò mọ bó ṣe dé ìdí ọ̀kadà. Gbogbo ìbínú tó ní sí Dókítà kò rí ibi dúró sí mọ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó rí Badiru ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, irun rẹ̀ ni wọ́n ti fá, ó sì ń tiro.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rí obìnrin yẹn?"

"Mo rí i."

"Ó bẹ̀ yín."

"Ó bẹ̀ mí." Badiru sunkún. "Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Mo dúró lórí ọ̀kadà. Mo ronú ìwọ àti ìyá wa, mo bá yí padà."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," ló wí.

Nàfísátù sọ orí kọ́.

"Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá wa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ lọ̀rọ̀ ti jáde. Ìbànújẹ́ yóò pa á."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Kuta, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ìyá wọn kò dìde lórí ẹní. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Ọlọ́run ọba, ẹni tó lọ fẹjọ́ ọmọ òun sùn, kí ó má rí ayọ̀ ọmọ láyé, kí ilé má gbà á, kí ọ̀nà má gbà á. Ó yíjú padà, ó ń retí. Nàfísátù kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú híjáàbù rẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ àdúrà ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo gbọ́, mọ́mì."

Ó sì ṣe àmín.