Ọ̀fìnkìn Memunat

Bí a bá ṣe peni, bẹ́ẹ̀ là á jẹ́. Ẹni tí a fi ohùn kíkan pè, ohùn kíkan ni yóò fi dáhùn. Ẹni tí a fi oríkì pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ló ń sùn, orí rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀. Ìyáàfin Morọ́lá Olúsànyà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ó ṣe gba Sáàmù gbọ́. Ẹnu ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ní Ìkòlé-Èkìtì, ló ti gbọ́ ọ kó tó mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì já a kulẹ̀ rí, àfi ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn mú òfin kónílé-ó-gbélé dé.

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà ní SS2 tirẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Okota, òun náà ló sì ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Nígbà tí wọ́n ti géètì pa, ó kó gbogbo wọn sórí Wasáàpù. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ariwo ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ó bá kí wọn láàárọ̀, ọmọ mẹ́sàn-án péré ní í dáhùn, méjì nínú wọn á sì fi àwòrán ẹni tó ń yán dáhùn.

Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, pè é.

"Ìyáàfin, mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tí kò bá jẹ́ orúkọ, tàbí tí kò fi iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì tó lọ, mo máa yọ orúkọ rẹ̀. Tí a bá wọlé padà, yóò tún SS2 ṣe."

"Ọ̀gá, lágbára Olúwa, ọ̀kan ò ní sọnù nínú wọn."

"Àmín. Kí Olúwa ṣáà bá wa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́."

Morọ́lá kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Nígbà tó dìde, ó pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní oríkì ọmọ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́jọ géérégé, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ibẹ̀ ló ti máa ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé, kí wọ́n sì má baà mọ̀ pé tíṣà náà ní ọkọ tó ń pariwo. Láàárín kaba méjì àti kóòtù àlòkù kan ló ti lanu:

"Àkànní Ọlálérè! Ọ̀kánjúwà nídìí bọ́ọ̀lù, ọ̀lẹ nídìí ìṣirò! Jí, oòrùn ti bá ọ lórí ẹní! Àbẹ̀ní Ọdúnayọ̀! A-rẹ́rìn-ín-bí-ẹni-tí-kò-ní-ìdánwò! Níbo lo wà?"

Ohùn náà kò tíì parí tí Ọlálérè fi dáhùn. "Mà, mo ti jí o! Mọ́mì mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ méjìdínlógún ló dáhùn. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti jẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ará oko ló ń kì oríkì ni wọ́n tún ń ráhùn: "Mà, ẹ ò kì mí tó lónìí." Àdúrà gígùn tí Morọ́lá fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nìkan ló kù tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọdúnayọ̀ kọ̀wé pé: "Mà, ẹ má bínú. Ibi ọpẹ́ lẹ wà tí dátà mi fi tán. A ò tíì dé ibi ẹ̀bẹ̀." Morọ́lá bá gé àdúrà kù sí ìṣẹ́jú méjì. Ó dùn ún dọ́kàn.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù, Memunat, ọmọ Òṣòdì, tó mọ ìṣirò débi pé ìwé tirẹ̀ ni Morọ́lá máa ń yọ́ wò kó tó máàkì tàwọn yòókù. Lọ́jọ́ kẹfà, Morọ́lá gbé ohùn sókè nínú kọ́bọ́ọ̀dù:

"Àṣàkẹ́ Memunat! Ẹni a ṣà nínú ọ̀pọ̀ tí a ń kẹ́! Àṣàkẹ́ dà?"

Ìdáhùn kan dé, ó kúrú, ó há bí ìgbà tí wọ́n ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì: "Mo wà ńbẹ̀ o."

Halelúyà tí Morọ́lá ké, ọkọ rẹ̀ sáré wọlé. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ náà kọ ọ́ lóminú. Ọ̀fìnkìn! Nígbà yẹn sì rèé, ẹni bá sín lójú pópó, títì á tú ká. Fún odidi ọjọ́ méje, Morọ́lá fi ìṣẹ́jú méjì àdúrà rẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún ọ̀fun Memunat, gbogbo kíláàsì ń ṣe àmín. Abdulwasiu, ọmọ kíláàsì kan tí kì í sọ̀rọ̀, fi àwòrán atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ránṣẹ́. Láràárọ̀ lohùn náà ń dáhùn pé, "Mo wà ńbẹ̀ o," kò sì sàn.

Orúkọ pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò pé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la, iṣẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ Morọ́lá. Ó pe nọ́ńbà Memunat.

"Ẹ ń lẹ́ o," ni ohùn yẹn wí.

"Memunat, ọ̀fun rẹ ò tíì sàn ni?"

Ẹni náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. "Tíṣà, látìgbà tí mo ti bí ọmọ karùn-ún lọ̀fun mi ti rí báyìí. Ìyá àgbà rẹ̀ ni mí."

Morọ́lá wá àga jókòó. Odidi ọjọ́ méje! "Ẹ káàsán mà. Ẹ dákun mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ti ń jẹ́ orúkọ látọjọ́ yìí?"

"Èmi ni. Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n mo ń ṣe àmín sí i. Ikọ́ tó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà ọyẹ́ sì ti lọ. Ọlọ́run ò ṣi ilé yà."

"Mà, Memunat fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lóhùn ìyá àgbà. "Ẹ rántí ọjọ́ tó fi ohùn ránṣẹ́ sí yín, tó ń dáhùn ìbéèrè? Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé wa, ẹ̀rọ omi kan. Ọjọ́ yẹn làwọn ará ilé ń jà lórí korobá, gbogbo èébú wọn ló wọ inú fóònù. Àwọn ọmọ yín bá sọ ọ́ ní Korobá. Látọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ o! Ó ń kọ ọ́, ó ń tì í bọ abẹ́ ẹní. Nígbà tí mo wá gbọ́ tí ẹ ń kì í, mo ní, ṣé kí oríkì ọmọ mi já sílẹ̀ láìjẹ́ ni? Mo bá jẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ wọ Morọ́lá lára, nítorí ó rántí ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Àwòrán ojú tó ń sunkún ẹ̀rín, òun ló kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe pe ọmọ náà nìyẹn. Dídákẹ́ ló fi jẹ́.

"Tíṣà, ẹ mọ oríkì kì," ni ìyá àgbà tún wí, "ṣùgbọ́n ìdajì lẹ mọ̀. Ẹ mú bírò."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Morọ́lá kọjá lára kọ́bọ́ọ̀dù, ó bọ́ sí àárín ọgbà láti gba ohùn sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ onílé ń ké. Tòlótòló onílé ń dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ sì yọrí lójú fèrèsé: "Morọ́lá! Ta ló fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi nu sítóòfù?" Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú fóònù.

Ẹ̀rín gba orí Wasáàpù kan. Ọlálérè ní, "Mà, ẹ sọ òótọ́, ta ló fi nu ún?"

"Èmi ni," ni Morọ́lá wí. "Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dára. Bí ilé wa ṣe ń dún nìyí. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Memunat, má bínú sí mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní Korobá mọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé:

"Àṣàkẹ́! Ẹni a ṣà nínú ọ̀pọ̀ tí a ń kẹ́! Ọmọ tí a bí lójú òjò tí òjò dá! A-rọra-sọ̀rọ̀-kílé-tòrò! A-gbẹ̀yìn-dé-ṣíwájú! Àṣàkẹ́ dà?"

Abdulwasiu kọ̀wé pé, "Memunat, à ń retí ẹ." Ọdúnayọ̀ ní, "Jọ̀ọ́."

Nígbà tó ṣe, ohùn kan wọlé. Korobá ló kọ́kọ́ dún. Àkùkọ kọ. Ìyá àgbà ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Sọ̀rọ̀! Ṣé kí n tún jẹ́ ẹ ni?" Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan dún, tó mọ́ gaara, tí kò ní ọ̀fìnkìn kankan:

"Mo wà ńbẹ̀, mà."

Morọ́lá fi ìborùn nu ojú. Àdúrà ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àdúrà gígùn, ṣùgbọ́n ó rántí Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ó sì gbé e mì.

"Àṣàkẹ́," ni ó wí, "jọ̀ọ́, mú ìwé tó wà lábẹ́ ẹní jáde, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi."