Ìbejì Onímẹ́jọ Tí Jẹ́jẹ́ Dà Nù

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ń fi abẹ fá irùngbọ̀n èèyàn, oníbàárà lè sùn lọ sórí àga. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹnu rẹ̀ tutù, kò sì sí ohun tó ṣòro fún un tó kó sọ fún ẹlòmíì pé rárá. Irú wọn là ń pè ní ọmọlúàbí. Ẹnìkan kì í sọ fún wa pé ọmọlúàbí náà lè ba nǹkan jẹ́.

Òun àti Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni wọ́n jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìgẹ̀run náà: àga méjì, dígí méjì, bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọwọ́ Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni àwọn oníbàárà ti dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí Ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ìyá àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní àwọn kò kánjú. Ta ni kò mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń dúró dè? Ọ̀gá á ní kò burú, á sì máa nu ẹ̀rọ ìgẹ̀run tí kò dọ̀tí.

Ìdí káàdì nìkan ni ọwọ́ gbígbọ̀n kò ti dí i lọ́wọ́. Ọ̀gá ló kọ́ gbogbo àwọn oníṣẹ́ àdúgbò náà ní pókà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi í díje nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Àwòrán àwọn tí Ọ̀gá kọ́ ti kún ibẹ̀, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní ọdún yìí, ó ní èyí lòun máa ta kẹ́yìn, ojú ti ń di bàìbàì. Kò sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán òun kọ́. Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ náà.

Eré náà kò ṣòro láti lóye. Káàdì méjì ni wọn yóò fún ọ ní bòókẹ́lẹ́, wọn yóò ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn, ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò kó ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi lélẹ̀ bí owó. Bí ẹnìkan bá fi ike sílẹ̀, o lè tẹ̀ lé e, kí o fi iye kan náà sílẹ̀, tàbí kí o da káàdì rẹ nù, kí o yọwọ́. Ẹni tí ike rẹ̀ bá tán, ó dìde nìyẹn. Bí káàdì méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jọra, ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ìbejì ọba, ìbejì ayaba, òmùgọ̀ pàápàá mọ ohun tó yẹ kó fi wọ́n ṣe. Èyí tó ń dààmú èèyàn ni ìbejì àárín, onímẹ́jọ, onímẹ́sàn-án, tí kò kéré tí kò sì tóbi.

Ọ̀gá ti kọ́ Jẹ́jẹ́ lórí ìyẹn tipẹ́. "Tí ẹni tí ike ẹ̀ ti fẹ́ tán bá kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tí tìẹ sì pọ̀, má fi ìbejì àárín sá fún un. Ẹni tébi ń pa ò yan oúnjẹ. Ohunkóhun ló lè fi wọlé. Tẹ̀ lé e."

Ní ọ̀sán Sátidé tí à ń wí yìí, èèyàn díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nídìí tábìlì. Ike Jẹ́jẹ́ ga bí òkìtì. Ti Ọ̀gá kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò lọ. Bí wọ́n bá ti fún un ní káàdì ló ń dà á nù, ó ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó ń dúró de èyí tó dáa. Ṣùgbọ́n ike kan wà tí kálukú gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ bó bá kàn án, ó fẹ́, ó kọ̀, ìyẹn sì ń jẹ ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá wo káàdì rẹ̀, ó sì ti gbogbo ike rẹ̀ sáàárín. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé ọ̀kan já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Nọ́ọ̀sì kan tí òun náà ń ta, tó jókòó tì í, bẹ̀rẹ̀, ó mú un fún un. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún. Gbogbo àwọn tó kù da káàdì wọn nù, ó wá ku Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ wo tirẹ̀. Ìbejì onímẹ́jọ ni.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bó bá tẹ̀ lé e tó pàdánù, òkìtì rẹ̀ kò ní fura. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló ń wò. Ó fi ojú inú rí Ọ̀gá bó ṣe ń dìde níwájú gbogbo èèyàn, tó ń wá ọ̀pá rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló lé e dìde. Àánú ṣe é. Ó da ìbejì rẹ̀ délẹ̀, ó tì í kúrò níwájú ara rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀gá wò ó. "Kí lo ní?"

"Pàǹtí ni, sà. Mẹ́rin kan, méjì kan."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ṣí káàdì tirẹ̀ kí gbogbo wọn rí i. Ìbejì onímẹ́sàn-án.

Mẹ́sàn-án ju mẹ́jọ lọ, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé Ọ̀gá ni, àfàìmọ̀ kí ike Ọ̀gá má di ìlọ́po méjì, kí baba náà sì rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá ti ń dúró dè láti àárọ̀ dé, Jẹ́jẹ́ ló fi àánú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba tó kó nílẹ̀ kò bá a rìn jìnnà. Kò pẹ́ tó tún fi ti gbogbo rẹ̀ sáàárín pẹ̀lú káàdì tí kò nílàárí, Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, ó sì borí rẹ̀. Ọ̀gá bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ kó tó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹ sì wá wo iṣẹ́ orí: Jẹ́jẹ́ ló gba ife. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀gá ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ti ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gba ẹ̀dà àwòrán náà, ó sì ti kan ìṣó fún un láàárín dígí méjèèjì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fi hàn. "Ọmọ mi nìyẹn." Á wá sọ ìtàn tirẹ̀ tẹ̀ lé e: "Orí mi ni ò gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo rí káàdì gidi gbà, pàǹtí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó lè tẹ̀ lé mi. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i?"

Bó ṣe ń tún un sọ ni Jẹ́jẹ́ ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu. Lọ́jọ́ ayé rẹ̀, ojú kò tì í tó báyìí rí. Ó ṣe oníbàárà kan léṣe létí, ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá, tó ku àwọn méjèèjì, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kì í ṣe pàǹtí ni mo ní lọ́jọ́ yẹn. Ìbejì onímẹ́jọ ni."

Ọ̀gá dà bí ẹni tó ń tún eré náà ta lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, ó sì jọ pé inú rẹ̀ fẹ́ dùn.

"Onímẹ́jọ, o wá dà á nù? Áà. O mọ̀ pé tèmi jù ú lọ ni. Ẹ̀rù mi bà ọ́."

Baba náà ti ṣílẹ̀kùn fún un gbayawu. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ló máa ní, ọ̀rọ̀ á sì tán ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ló kó o dé ibi tó wà yìí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gba òmíràn mọ́.

"Rárá, sà," ló wí. "Mo rò pé ẹ ò ní nǹkankan lọ́wọ́ ni. Àánú yín ló ṣe mí."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọ̀gá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀. Kò bínú. Jẹ́jẹ́ ì bá fẹ́ kó bínú.

"O ṣé tí o sọ fún mi," ló wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí wọlé, irun rẹ̀ ti kún bo etí, ó kí wọn, ó sì ń wo àga méjèèjì, kò mọ èyí tí yóò lọ. Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba, ó ń gbàdúrà pé kí Ọ̀gá pe ọkùnrin náà sórí àga tirẹ̀.

Ọ̀gá dìde, ó rọra lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí Jẹ́jẹ́.

"Ẹ lọ bá ọ̀gá," ló sọ fún àlejò náà. "Àwọn ló máa gẹ̀ yín."